Okùn Ni Ọ̀ṣọ́ Ìlẹ̀kẹ̀: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀ ní Etí Aṣọ Wa

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Bí a bá kí aṣọ tán, ó yẹ kí a wo etí rẹ̀. Etí aṣọ, èyíinì ni ọrùn, ẹnu apá àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, ni ibi tí aṣọ parí sí. Ibẹ̀ ni ó ti ń fara gbún àga, tí ó ti ń kan awọ ara, tí ó sì ti ń gbá ilẹ̀ nígbà ijó. Ibẹ̀ náà ni àwọn aránṣọ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ òkú àgbà àti aṣọ ọdún. A máa ń yin iṣẹ́ yìí nítorí pé ó ń dán, a sì máa ń ráhùn nítorí pé ó wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ewì tàbí ère gbígbẹ́ wò. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi okùn rán ṣe é tú, ó sì ṣe é tún rán, èyí tí a fi àtè lẹ̀ kò ṣe é tú láìba aṣọ jẹ́. Aṣọ tí kò ṣe é tú kò ṣe é jogún.

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí aránṣọ fi abẹ́rẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mú ìlẹ̀kẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó gún un wọ aṣọ, kí ó padà sẹ́yìn, kí ó tún gba inú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó kẹ́yìn kọjá, kí ó tó mú òmíràn. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí a kọ́kọ́ sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan, kí a tẹ́ okùn náà sórí ìlà tí a ti fà sí aṣọ, kí a wá fi okùn kejì dè é mọ́lẹ̀ ní ibi púpọ̀ tí kò jìnnà sí ara wọn. Ọ̀nà yìí ni àwọn tí ń ṣe adé ọba ń lò. Ọ̀nà kẹta ni kí a ra ọ̀já ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti ṣe tán, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní mítà lọ́jà, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní galon perlé, kí a sì fi ọwọ́ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ etí aṣọ.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òfin. Aṣọ òwú máa ń súnkì nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ọ̀já ìlẹ̀kẹ̀ kì í sì í súnkì bákan náà. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fọ aṣọ kí a tó mú ìlẹ̀kẹ̀ dé ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí rẹ̀ yóò hunjọ. Okùn tí a fi ìda oyin pa kì í tètè lọ́, ẹnu dígí kì í sì í tètè gé e. Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan, a ó ta kókó sí òdì aṣọ, kí ó lè jẹ́ pé bí okùn bá já níbì kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò bọ́ sílẹ̀. Níbi tí orí ọ̀já bá ti fẹ́ wọ inú ojú ìdàpọ̀ aṣọ, a ó kọ́kọ́ yọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń ṣẹ́ bí ó bá bá dígí pàdé. Ibi kọ́rọ́ ọrùn ni a sì ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ a fa ọ̀já náà le, ọrùn a hunjọ, a sì dìde kúrò lára. Ọ̀gá a jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀, ọrùn a sì sùn sí àyà ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí èyí ń gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 2 ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ aránṣọ. Bí a bá sín in sórí okùn, mítà 1 yóò gbà tó 600. Bí ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ aṣọ bá yí ká ní mítà 3, tí a sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ 5 ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, mítà 15 ni yóò jẹ́, èyíinì ni ìlẹ̀kẹ̀ 9,000. Bí a bá ń mú ìlẹ̀kẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ yóò wọ aṣọ ní ìgbà 4,500 ó kéré tán, láìka ti ọrùn àti ti ẹnu apá. Ẹni tí ó bá mọ iye yìí kò ní bú aránṣọ tí ó ń wá ọ̀nà àbùjá. Yóò kàn béèrè ibi tí ọ̀nà àbùjá náà yóò gbé wa dé ni.

Ọ̀nà àbùjá tí ó gbòde ni àtè, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń fi ẹnu Faransé pè ní colle. A ó fà á sí etí aṣọ, a ó tẹ ọ̀já ìlẹ̀kẹ̀ lé e, ó di ọ̀la, aṣọ ti dé ọwọ́ oníbàárà. Ní ọjọ́ àríyá, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni òógùn, omi ìfọṣọ àti ooru ìlọṣọ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Àtè a pọ́n, a sì gan. Aṣọ tí ó yẹ kí ó rọ̀ a dà bí páálí. Ìlẹ̀kẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó ni aṣọ bá fẹ́ yọ ìyókù kí ó lè tún un ṣe, okùn aṣọ fúnra rẹ̀ ni yóò bá a já, àbàwọ́n àtè yóò sì kù sí ibẹ̀ bí àpá. Aṣọ òfì tí ó yẹ kí ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá di ohun tí a ń fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí nítorí ìtìjú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àtè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà. Jimoh Buraimoh ti Òṣogbo, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán ní àwọn ọdún 1960, ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ojú pákó ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ Òṣogbo dé òkè òkun. Ojú pákó kì í jó. A kì í fọ̀ ọ́, a kì í ká a, kì í làágùn. Ohun tí ó tọ́ sí àwòrán tí a gbé kọ́ ògiri kò tọ́ sí aṣọ tí ènìyàn yóò wọ̀ jó. Ìbéèrè tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni pé: kí ni ohun tí a ṣe ọ̀ṣọ́ sí yìí yóò máa fi ara rẹ̀ ṣe?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti ní ìdáhùn tó dájú bíi nínú ẹ̀kú egúngún. Ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, abala aṣọ ni ó ń rọ̀ yí ẹ̀kú ká láti òkè dé ilẹ̀. Lórí àrán ni wọ́n ti ń to ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ àti àwọn awẹ́ wẹ́wẹ́ tí ń kọ mànà, tí Faransé ń pè ní paillettes. Etí abala kọ̀ọ̀kan kì í wà lásán: a lè gé aṣọ pupa bí eyín ayùn sí i, a lè fi ọ̀já tí ń dán yí i ká, a sì lè jẹ́ kí okùn máa rọ̀ dirodiro ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ará ọ̀run bá ń yí, àwọn abala náà a là, inú wọn a hàn, afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ibẹ̀ fẹ́ sí àwọn òǹwòran ni a sì ń gbà bí ìbùkún. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí ọ̀ṣọ́ etí ń ṣe nínú èyí. Ìwúwo ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ ni ó ń fa abala síta nígbà tí ijó bá gbóná, òun náà ni ó ń fà á wálẹ̀ gbọọrọ nígbà tí ìlù bá dákẹ́. Láìsí ìwúwo yẹn, abala yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Bí ó bá sì jẹ́ àtè ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀ dúró, abala yóò gan, kò ní lè tẹ̀, ìyẹ́ yóò di pátákó.

Ẹ̀kú tún ń kọ́ wa ní ohun kejì. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe parí lẹ́ẹ̀kan. Ìdílé a máa fi abala tuntun kún un, a máa tún èyí tí ó ya ṣe, ọdún a máa gun orí ọdún. Ní 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York ṣe àfihàn kan lórí ẹ̀kú kan ṣoṣo tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Oríṣi aṣọ tí wọ́n kà lára rẹ̀ lé ní 300, àwọn kan láti ilẹ̀ wa, àwọn mìíràn láti Yúróòpù àti Éṣíà. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò lè wà bí kò bá sí okùn. Okùn ni ó jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ lè wọ inú iṣẹ́ tí ọwọ́ bàbá fi sílẹ̀.

Inú ẹ̀kú jẹ́ awo, lámèyítọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti tú u wò. Àwòrán ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ aránṣọ fi ń kọ́ ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, ti Leonce Raphael Agbodjelou, ayafọ́tò ará Àjàṣẹ́, ni ó gbajúmọ̀ jù lọ ní òde òní. Nínú ọ̀wọ́ fọ́tò rẹ̀ tí ó pè ní Egungun, àwọn eégún dúró jẹ́ẹ́ níwájú kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ sì bà lé wọn débi pé ojú lè ka owó ẹyọ àti awẹ́ dídán tí ó wà lára wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó gba ẹ̀kú kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń fi í ṣe ohun ẹ̀rù nìkan, ó sì fi hàn gbogbo ayé pé ọlọ́gbọ́n ni ó rán an. Síbẹ̀, ìdúró jẹ́ẹ́ yẹn ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Nínú fọ́tò, ọ̀ṣọ́ etí di àwọ̀ lásán. A kò mọ ìwúwo rẹ̀, a kò rí i bí ó ṣe ń là, okùn kò sì hàn rárá. Aránṣọ tí ó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nìkan ṣe olùkọ́ yóò rò pé bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti wà ní ipò rẹ̀ tí ó sì ń dán, iṣẹ́ ti parí. Kì í ṣe ẹ̀bi ayafọ́tò. Àwa tí ń wò ó ni ó yẹ kí a rántí láti lọ wo ijó pẹ̀lú.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu jẹ́ orísun rẹ̀, tí UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ọmọ aráyé, mú ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Púpọ̀ nínú aṣọ tí a fi ń wọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ àyálò: ìró àti gèlè àwọn obìnrin ìlú ni. Ọkùnrin ni ó ń jó, aṣọ obìnrin ni ó wọ̀, ìyìn àwọn ìyá wa ni ó sì ń ṣe. Ohun tí a yá, a ó dá a padà bí a ti gbà á. Ta ni yóò fi àtè lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìró tí a óò kó padà fún ìyá onílé ní ọjọ́ kejì? Ohun tí a bá fi kún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é tú. Títú yìí kì í ṣe àìlágbára iṣẹ́. Ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ni aṣọ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀já ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ti òkè òkun wá ni ó ba iṣẹ́ jẹ́, pé bí a bá lè padà sí ìlẹ̀kẹ̀ tiwa, gbogbo nǹkan yóò dára. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Lóòótọ́ ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ pé àwọn baba wa ń ṣe dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ọkọ̀ Yúróòpù tó dé etí òkun wa. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ tí ó bo adé àwọn ọba wa láti ìgbà pípẹ́ jẹ́ èyí tí a rà láti Venice àti Bohemia. Ìdílé Adésínà ní Ẹfọ̀n-Alààyè, tí òkìkí wọn kàn ní ilẹ̀ Yorùbá nínú iṣẹ́ adé, kò sọ dígí àjèjì nù. Wọ́n sín in, wọ́n tò ó, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ sọ ọ́ di ojú baba ńlá, di ẹyẹ, di ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ yòówù kí ìlẹ̀kẹ̀ ti wá, ọwọ́ tí ó tò ó ni ó ń sọ ọ́ di tiwa. Nítorí náà, kò sí ìjà láàárín èmi àti ọ̀já tí a ń wọ̀n ní mítà. Bí a bá fi sùúrù rán an, tí a sì yàn án bí ó ti yẹ, iṣẹ́ Yorùbá ni.

Yíyàn yẹn náà gba àròjinlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe pàápàá lè burú. Àṣìṣe kìíní ni àpọ̀jù. Mo ti rí bùbá léèsì tí ó fúyẹ́ bí èéfín, tí wọ́n di ẹsẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ mọ́ ní ọrùn. Aṣọ náà ya láàárín ọdún kan, nítorí pé ọ̀ṣọ́ lágbára ju ohun tí ó gbé e lọ. Aṣọ fífẹ́lẹ́ ń fẹ́ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, pẹ̀lú aṣọ tí ó le díẹ̀ tí a tẹ́ sí òdì rẹ̀. Òfì àti àrán ni ó lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe kejì ni àwọ̀ tí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Láàárín wa, ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Funfun gbọọrọ ń rán wa létí Ọbàtálá. Pupa àti funfun tí a tò ní ìtẹ̀léra ń pe Ṣàngó. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọ̀nyí má lo àwọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó tò wọ́n láìmọ̀ dà bí ẹni tí ó ń pe orúkọ ènìyàn lójú ọ̀nà láìmọ̀ pé ẹni náà wà nítòsí. Ó yẹ kí ó mọ̀, kí ó sì yàn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ owó, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ń padà sí. Oníbàárà fẹ́ aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì fẹ́ san owó abẹ́rẹ́ 4,500. Aránṣọ ní ilé láti bọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń wo ohun tí ọ̀gá ń ṣe: bí ọ̀gá bá ń lẹ̀, lílẹ̀ ni yóò kọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, yóò gba òmìnira láìmọ bí a ti ń ta kókó sí òdì aṣọ. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń kú, láìsí ariwo, láìsí ẹni tí ó pa á. Èrò mi ni pé kí a dín ìlẹ̀kẹ̀ kù kí a tó dín okùn kù. Ẹsẹ̀ kan tí a rán dáadáa yí ọrùn ká lẹ́wà ju ẹsẹ̀ mẹ́fà tí a lẹ̀ lọ, kò sì wọ́n jù ú lọ. Ọmọ ẹni kò ní ṣè'dí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí aṣọ tiwa wà nílẹ̀ kí a máa fi iṣẹ́ rere pamọ́ fún àwọn tí ń rà á lọ sí òkè òkun, kí a wá máa fi àtè tan ara wa jẹ nílé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ tí a óò pè láti ṣe ìdájọ́ aṣọ níbi àfihàn tàbí níbi ìdíje, ẹ má ṣe dúró lókèèrè. Ẹ tọrọ àyè, kí ẹ yí etí aṣọ náà padà, kí ẹ wo òdì rẹ̀. Ṣé kókó wà níbẹ̀? Ṣé okùn náà tò gúnrégé, àbí ó lọ́ bí ìtàkùn? Ẹ ká etí náà sí ọwọ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì ń tẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo bí ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣe ń là àti bí ó ṣe ń wálẹ̀. Ẹ béèrè ìdí tí a fi yan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ bí yóò ṣe tú u ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín bá sanra sí i, tàbí tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ fi ṣe ìyàwó. Bí ó bá fi àlùmọ́gàjí kékeré hàn yín, tí ó sì tọ́ka sí okùn tí yóò kọ́kọ́ gé, ẹ gbé àmì-ẹ̀yẹ fún un.